Owó Ẹ́ńjìnnì Tí Zikrullah Fi Ra Fóònù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láì tíì kà á tán. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn.

1. Awakọ̀ ojú omi ni Zikrullah ní Èjìnrìn. Ó máa ń kó èrò gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Ó máa ń kú lójijì, Zikrullah á sì fa okùn rẹ̀ títí kó tó jí. Ọdún méjì gbáko ni òun àti Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta gàrí, fi tọ́jú owó tí wọn yóò fi ra tuntun.

2. Lọ́jọ́ tó lọ ra ẹ́ńjìnnì ní Ìkòròdú, ó yà kí Festus, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Festus yọ fóònù tuntun kan jáde.

"Ṣó o rí èyí? Kọ̀ǹpútà inú àpò nìyí. Tó o bá fi ya ọkọ̀ ẹ, tó o gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn olówó ló máa máa wá ẹ wá."

Zikrullah wo fóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀, ojú tì í. Nígbà tó máa padà délé, irú fóònù Festus ló gbé dé.

Mùnírátù, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, rọra jókòó. "Bàbá Lateefah, ṣé fóònù ló máa wa ọkọ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí èrò bá ti pọ̀, màá rà á."

Mùnírátù dìde, ó lọ palẹ̀ gàrí rẹ̀ mọ́.

3. Ká má parọ́, fóònù náà dára. Àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete. Àwọn èèyàn yin ọkọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá wọ̀ ọ́.

4. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Mùnírátù. Omi òjò ti gba ojú títì, mọ́tò ò lè kọjá. Zikrullah gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó forí lé ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́.

Láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì kú.

Ó fa okùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò jí. Ó pe Ọláòtán, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Zikrullah fi máàpù orí fóònù ránṣẹ́ sí i, ó sì fi ibi tí wọ́n wà gan-an hàn án.

"Mo ti rí yín. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mò ń bọ̀."

Zikrullah tẹjú mọ́ máàpù.

"Ẹ gbé fóònù sílẹ̀," ni Mùnírátù wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ di ọwọ́ mi mú."

Ó dì í mú. Kí Ọláòtán tó dé, ọwọ́ náà ti tutù. Ìyá lọ, oyún lọ.

5. Wọ́n sin ín ní Èjìnrìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lateefah, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú báyìí. Bí bàbá rẹ̀ bá pè é, á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì gbé fóònù fún ìyá àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ríra fóònù olówó gọbọi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní ànító lè rà á. Àmọ́ owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ń gbé ẹ̀mí yín ró, ẹ má fi ra ohun tí ẹ fẹ́ kí ayé rí lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣe ohun tó yẹ kí ọjọ́ náà tó dé. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.