Òdòdó Tí Kò Ṣeé Sè

Yìnyín ṣì wà lórí koríko ní Tyrrelstown lókè òkun nígbà tí òdòdó Isaac yọ. Igi kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ò tíì rúwé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè tó gbó. Òdòdó kúkurú ni, ewé rẹ̀ yí i lọ́rùn ká bíi kọ́là ẹ̀wù. Akonáìtì ni wọ́n ń pè é. Isaac kúnlẹ̀ tì í, ó ń ṣa ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀.

Olúfúnṣọ́ ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé kíṣìnì. Ọ̀gá ni láàárín àwọn tó ń ta lọ́fínńdà ní pápákọ̀ òfurufú. Isaac náà ti ṣiṣẹ́ rí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí èbúté, kí ẹrù tó já lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ilé ló ń jókòó sí.

“Ṣé ó ṣeé sè?” Olúfúnṣọ́ bi í.

“Rárá. Májèlé wà nínú ẹ̀.”

“Ó jọ ẹni tó gbìn ín. Kò ṣeé sè, kò ṣeé tà.”

Isaac ń ṣa ewé rẹ̀ lọ. Praise, ọmọ wọn obìnrin, gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ah Mam, leave him alone, would you.”

“Mo dì í mú ni?”

Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Mipọ̀sí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ń ráhùn pé ẹ̀gún ti gba ẹ̀yìnkùlé òun. Ó pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, òun nìkan ló ń gbé lápá kejì àdúgbò. Olúfúnṣọ́ fi àgbọ̀n júwe Isaac, tó ń to àga.

“Mú tibí yìí lọ. Kò kúkú níṣẹ́.”

“Ẹ̀yin Mummy Praise, ọkọ yín mà ni.”

“Mo ní kó o mú un lọ. Tó o bá lò ó tán, má wulẹ̀ dá a padà.”

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mipọ̀sí ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó dá a lójú. Olúfúnṣọ́ ní kó má fi àkókò òun ṣòfò.

Báyìí ni Isaac bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀. Tó bá padà délé, kì í jẹun mọ́, ó ní òun ti jẹ. Inú Olúfúnṣọ́ dùn sí i: ìkòkò rẹ̀ ń pẹ́ kó tó tán. Praise ní ara dádì òun ti dá ṣáṣá, he's grand now. Olúfúnṣọ́ ní wèrè pàápàá a máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ tẹ́ koríko oníke sẹ́yìnkùlé, kí Isaac wú pàǹtí rẹ̀ kúrò.

“Jẹ́ kí òdòdó ẹ̀ rẹ̀ ná,” Isaac wí. “Ìgbà tí ewé ẹ̀ ṣì tutù ló ṣeé wú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kú.”

“Kó kú kẹ̀.”

Òdòdó náà rẹ̀ nínú oṣù kẹta. Isaac wú u díẹ̀díẹ̀, tewé tegbòǹgbò, ó tò ó sínú àpótí. Olúfúnṣọ́ pe Mipọ̀sí láti fi í ṣẹ̀sín.

“Ó ti gbọ́ràn o. Bí ajá.”

“Ṣé gbogbo ẹ̀ ló wú, mà? Ṣé ó fi erùpẹ̀ sílẹ̀ nídìí ẹ̀?”

“Kí ló kàn ẹ́ nínú erùpẹ̀?”

“Àyè wà lọ́dọ̀ mi ni mo ṣe bèèrè.”

“Á gbé e bọ̀. Pàǹtí á bá pàǹtí.”

Ní àárọ̀ Sátidé, Olúfúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀, torí ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Isaac gbé àwọn àpótí sí búùtù. Ó gbé báàgì aṣọ méjì lé e.

“Aṣọ wo nìyẹn?”

“Èyí tí mi ò ní wọ̀ níbí mọ́.”

“Ó tó àsìkò. Àkísà ni gbogbo wọn.”

Praise jáde, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Olúfúnṣọ́ bi wọ́n bóyá Nàìjíríà ló ń lọ. Ó já a sẹ́nu géètì Mipọ̀sí, kò pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Isaac ò sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Olúfúnṣọ́ ní ẹ̀gún ló gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì, àga rẹ̀ ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti Mipọ̀sí náà ṣófo. Olúfúnṣọ́ ní òun á lọ mú un, torí ta ni yóò gba irú ẹ̀ lálejò fún ọjọ́ méjì?

Ó fun fèrè ọkọ̀ títí lẹ́nu géètì Mipọ̀sí, nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn, Isaac ló sì ṣí i, pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó wò ó bí ẹni wo àlejò, ó ní, “Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ ń bèèrè?”