Ilé Odogbolu Tí Micah Kọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ sọ fóònù kalẹ̀ o. Ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ Micah yìí débi tó parí sí. Ó kan gbogbo ẹni tó máa ń sọ pé, "Kò tíì dáa tó, ẹ ní sùúrù."

1.

Micah ń gbé ní Ijagun, nínú yàrá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wáyà iná ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n géèmù ṣíṣe lórí kọ̀ǹpútà ló fẹ́ràn jù. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún un. Ó kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Ìyá ẹ̀, Màmá Mọ́ṣádé, ń gbé ní Odogbolu, nínú yàrá tí wọ́n rẹ́ǹtì. Ilé tí ọkọ wọn kọ́ kó tó kú ti lọ. Wọ́n wó o nígbà tí wọ́n ń fẹ títì lójú. Wọn ò ya fọ́tò ilé náà rí. Ta ló ń rò pé ilé lè sọ nù?

Ni Micah bá ní òun máa kọ́ ilé náà padà sínú géèmù. Ọmọ kékeré kan á máa lé adìyẹ yí ilé ká, kó lè kó wọn wọlé kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n ó kéré nígbà tí wọ́n wó ilé yẹn, kò rántí púpọ̀. Torí náà, lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ jókòó ti ìyá ẹ̀. Ìyá á máa sọ, òun á máa yà á.

"Kànga ńkọ́, Màmá?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, tó o bá ti ń wọlé. Igi gúáfà wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀ka kan tẹ̀ wá sílẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá ẹ máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́."

"Ilẹ̀kùn?"

"Àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ò tó, wọn ò kun ìsàlẹ̀ ẹ̀." Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá ẹ kọ́ ti gidi, kò pẹ́ tó báyìí. Ṣé bíríkìlà ló já ẹ kulẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni?"

2.

Ojú Màmá ti ń ṣú. Dókítà ojú sọ ọ́ láìfi bò: èyí tó ti lọ ò lè padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i, èyí tó kù ló ń dì mú, kò sì ní dì í mú títí.

Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn sọ fún Micah pé, "Kí ojú yìí tó ṣú tán, jẹ́ kí n rí ilé mi."

Kọ̀ǹpútà Micah, ti orí tábìlì ni, kò rọrùn láti gbé kiri. Ayman, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí òun náà ń ṣe géèmù, yà sí yàrá ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ilé ti dúró. Kànga wà, gúáfà wà, adìyẹ ń sá. Ẹnu ya Ayman.

"Micah, ya fídíò ẹ̀ báyìí. Máa rìn yí ilé ká nínú géèmù, kí kọ̀ǹpútà máa gbà á sílẹ̀. Fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màmá lónìí."

"Eléyìí? Wo òjò yẹn, ó dà bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀! Sọ́fíwià tí mo fi ń ṣe géèmù, tuntun ẹ̀ ti jáde. Òjò inú ẹ̀, bíi ti gidi ni."

"Ṣé òjò ni Màmá ní àwọn fẹ́ rí?"

"Ìwọ lè máa fi iṣẹ́ jákujàku han èèyàn. Kì í ṣe èmi."

"Ó dáa. Àmọ́ sọ́fíwià tó o fi bẹ̀rẹ̀ ni kó o fi parí ẹ̀. Tó o bá sì máa pààrọ̀ ẹ̀, ṣe kọ́pì síbì kan ná."

"Ayman, o ti ń ṣe bí ìyá àgbà."

3.

Micah gbé sọ́fíwià tuntun wọlé, ó fi ṣí iṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: èyí àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí, tó bá ti di tuntun kò ní padà mọ́, kó kọ́kọ́ ṣe kọ́pì. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ gan-an kìlọ̀ fún un. Kò kà á tán tó fi tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Gbogbo ògiri di pínńkì. Igi gúáfà pòórá. Adìyẹ sá jáde, ó rì wọnú ilẹ̀, kò yọ mọ́. Micah sáré padà sí sọ́fíwià àtijọ́, ìyẹn ní òun ò dá iṣẹ́ náà mọ̀. Kọ́pì ò sí. Fídíò ò sí. Ilé Odogbolu tún wó lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ onílé ló wó o.

Màmá pè é. "Micah, ibo lo bá a dé?"

"Ó ti kù díẹ̀, Màmá."

Irọ́ ni. Ojú tì í, kò lọ sí Odogbolu mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé kọ́ láti ìpìlẹ̀. Tí Màmá bá pè, "ó ti kù díẹ̀" náà ni. Màmá náà ò sọ fún un bí ojú ṣe ń ṣe wọ́n. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

4.

Nígbà tó parí ẹ̀, ó háyà kẹ̀kẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó di Odogbolu. Ká sọ tòótọ́, ilé náà dára. Ó tàn án nínú yàrá Màmá, òjò inú ẹ̀ ń ró wàrà-wàrà lórí páànù.

Màmá jókòó, wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Micah, bá mi ká aṣọ wọlé, òjò ti dé."

Micah yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. "Nínú géèmù ni, Màmá. Ilé yín nìyí. Ẹ kọjú síbí."

Wọ́n kọjú síbẹ̀. Ojú là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ara ògiri ló ń wò. Wọ́n nawọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wá ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Micah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Màmá, kànga wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Gúáfà wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀ka kan tẹ̀ wá sílẹ̀..."

Màmá gbọ́wọ́ sókè. "Ó tó, ọmọ mi. Má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ fún ẹ."

Adìyẹ ń ké nínú kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka èyí, iṣẹ́ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má tìtorí pé tuntun ń dán kẹ́ ẹ bà á jẹ́. Ẹ ṣe kọ́pì. Ẹ ya fídíò ẹ̀ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ fi han ẹni tó ń retí ẹ̀ lónìí tójú ẹ̀ ṣì ń ríran. Micah ṣì ní ilé yẹn nínú kọ̀ǹpútà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣí i.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnì kan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.