Èèkù Àdá Òpéléńgé

Láti àárọ̀ ni alágbẹ̀dẹ ti ń lu irin náà. Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ó ti di àdá tó gùn ju apá ènìyàn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Irú àdá tí ènìyàn lè gbára lé nínú igbó ni, bí kò tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó ń gbẹ́ èèkù. Òun ló máa ń ṣe èèkù sí gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ bá rọ. Ìṣù amọ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tí ọmọ wọn obìnrin ti fi ọwọ́ ọ̀tún fún, kí ìyá lè mọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan yóò sinmi sí.

Òpéléńgé ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ kó àwọn tuntun. Oníkálukú ni yóò mú àdá tirẹ̀ wá. Ọ̀gá yóò gbà á, yóò fi lu òpó irin, ẹni tí tirẹ̀ bá kán, ilé ló ń padà sí. Ẹ̀gbọ́n Òpéléńgé ọkùnrin ti wọ ọkọ̀ yẹn rí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá wọn ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a, ó sì ń fi kọ́ padà.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó tóbi jù o," ni Òpéléńgé wí. "Ọwọ́ mi ò tó nǹkan."

"Ọwọ́ tó o fi ń wá ẹran nísàlẹ̀ ìkòkò?" bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ọwọ́ yẹn tó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò gbójú sókè.

Alágbẹ̀dẹ ti àdá náà bọ inú epo, ó tún yá a níná jẹ́jẹ́ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìdí rẹ̀ nìkan ni kó o kì bọ iná, kó lè jó wọ inú igi. Bí ọrùn rẹ̀ bá lọ pọ́n, tí omi tútù kàn án, ṣe ni yóò kán bí igi gbígbẹ."

"Bàbá wọn, ṣé èmi lẹ ń kọ́?"

Alágbẹ̀dẹ lọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ariwo kan tó dún ṣàà.

"Kí nìyẹn?"

"Omi ló dà síná."

Nígbà tó padà dé, èèkù ti wà lórí àdá. Awọ ni ìyàwó rẹ̀ fi dì í. Ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ fún okùn ọrùn ọwọ́, ó sì fi òrùka bàbà fífẹ̀ kan dé òkè rẹ̀.

"Òrùka yìí mà ga o. Ó bo ọrùn àdá mọ́lẹ̀."

"Kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yọ̀ lọ sójú àdá ni."

Ọkọ rẹ̀ gbé àdá náà sókè, ó fẹ́ fi lu owú. Kíá ni ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dán an wò."

"Iná ti bó ẹ lọ́wọ́."

"Kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá náà kò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, àdá ẹni àkọ́kọ́ kán sí méjì lára òpó. Àwọn èrò hó yèè, ẹni náà sì fi ìtìjú gba ọ̀nà ilé. Ó kan Òpéléńgé. Ìyá rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀gá gba àdá náà. Ó yí èèkù rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi àtàńpàkò pa òrùka bàbà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Màmá mi ni, sà."

"Ẹ dán an wò, ọ̀gá," ìyá náà ké láti àárín èrò. "Ẹ fi lu irin!"

"Màmá, ọkàn yín mà balẹ̀ o!" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, gbogbo èrò bá a rẹ́rìn-ín. Ó dá àdá padà fún Òpéléńgé. "Ìyá tó bá ṣe èèkù báyìí fún ọmọ rẹ̀, irin wo ni mo tún fẹ́ lù? Wọ ọkọ̀."

Òpéléńgé fò sẹ́yìn ọkọ̀, ó na àdá sókè fún bàbá rẹ̀ rí. Ọkọ̀ gbéra.

Ìyá rẹ̀ já wọ inú eruku, ó ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n ju àdá náà nù, pé abẹ́ òrùka yẹn gan-an ni òun ti mú ọrùn rẹ̀ pọ́n nínú iná tí òun sì tì í bọ omi tútù, kí ó lè kán lójú ọ̀gá, kí ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún òun lè padà sílé.