Káàdì Tí Wọ́n Ní Kí N Má Fọ̀

Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbá géèmù ti gbó, apá mi kò sì ká tuntun. Mo bá ra káàdì àwòrán tòkunbọ̀, èyí tó ní fáànù tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, láti fi sọ ọ́ jí. Arẹ̀mú tó tà á fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọ̀ ọ́ o." Ìsọkúsọ. Nílé wa, a kì í lo tòkunbọ̀ láìfọ̀ ọ́.

Lálẹ́, mo ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ inú fáànù káàdì náà. Irun funfun ló wé mọ́ ọn, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí ẹnu aláìsàn. Ó rí mi lára. Mo fi ìka méjì fà á, ó ń gùn sí i. Mo gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn ń gbé itọ́ mì. Mo ṣépè fún Arẹ̀mú, mo tún fà á.

Ohun kan fà á padà láti inú.