Dísíìkì Inú Dísíìkì

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú o, sà. Sọ́fítíwíà yìí ń ṣagídí ni. Ó ní irú dísíìkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà Mádàámú kò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Ext4 nìkan, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to inú dísíìkì. Bí àlejò tó ní àfi àwo tánganran ni òun fi ń jẹun."

Olúyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí Adétọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti jáde nílé tí kò padà, oorun kò kún ojú rẹ̀. Fọ́tò tí Adétọ́lá bá fi fóònù yà máa ń gba kíláòdù orí íńtánẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà tó ń gbé wọn wọlé ti sọ ọ́ dọ̀tun, kò gbé nǹkan kan wálé mọ́.

"Ẹ ò tíì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, sà?"

"Mo lọ. Wọ́n ní kí n padà sílé."

Khàdíjàt, tó ń tún kọ̀ǹpútà náà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pòṣé. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tẹ pírójẹ́ẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Mádàámú ló kọ́ mi ní iṣẹ́ Línúsì lórí kọ̀ǹpútà ní Pólì. Iṣẹ́ kankan ò ṣíwájú èyí."

Ó dá fáìlì ńlá kan sínú dísíìkì náà, ó sọ inú fáìlì náà di ext4, ó wá ṣí i sórí fódà tí sọ́fítíwíà ń kó ẹrù sí.

"Sọ́fítíwíà á rò pé dísíìkì gidi ni."

"Ẹ̀tàn nìyẹn."

"Mádàámú náà ló kọ́ wa, sà."

Lẹ́yìn náà, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Nínú ọ̀kan, Adétọ́lá ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Báńdéèjì wà lápá rẹ̀ òsì.

"Alhamdulillahi! Wọ́n wà láàyè!" Omi bọ́ lójú Khàdíjàt. "Ẹ wo apá wọn, sà. Àbí jàǹbá ọkọ̀ ni?"

"Fẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sí i fún mi."

"Ẹ̀yìn wọn kẹ̀?"

"Ògiri yẹn. Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Khàdíjàt fẹ̀ ẹ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú Òjòkú sábẹ́ rẹ̀.

"Òjòkú! Ìtòsí ibí náà ni wọ́n wà!"

Olúyẹmí mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ tètè pe àwọn òbí wọn o, sà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn.

"Àwọn gan-an ni wọ́n fi í pamọ́ síbẹ̀, kí ọwọ́ mi má bàa tún tẹ̀ ẹ́."