Síkì Pupa Tí Lindsay Fi Màlúù Rà

Ohun kan ló ba ayé Lindsay Corkill jẹ́ nígbà èwe rẹ̀: ojú máa ń tì í bí aráyé bá rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ oníkárọ́ọ̀tì ni ní ìlú Ohakune, nísàlẹ̀ òkè oníyìnyín tó ń jẹ́ Ruapehu. Ó lágbára, ó yá mọ́ èèyàn, ọ̀lẹ kò sì sí lára rẹ̀. Fáàrí ni kò jẹ́ kó mọ ohun rere tó wà níwájú rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ilé tó ní síkì tirẹ̀ kò tó nǹkan, ìyẹn pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ngahuia Tamehana ni gbogbo ìlú ti ń háyà rẹ̀, nínú ahéré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ibẹ̀ dùn ju oyin lọ! Iná igi á máa jó, òórùn ìda tí wọ́n ń kùn mọ́ pákó á gba gbogbo inú ahéré náà, àwọn ọ̀dọ́ á máa mu tíì gbígbóná, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí Ngahuia á wo gíga ẹnì kọ̀ọ̀kan, á bi í bó ṣe wúwo tó, á wá yí irin ìdè pákó náà kó lè já kúrò lẹ́sẹ̀ bí èèyàn bá ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn á fò sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á sì máa kọrin títí wọ́n á fi dé òkè.

Ọdún méjì ni Lindsay fi háyà níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n yọ̀ débi pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín nílùú yàn án láti díje. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́, torí síkì háyà ni gbogbo èèyàn máa rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó rí síkì pupa kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wellington, irú èyí tí àwọn ògbóǹtarìgì ń lò. Bó bá nàró, ó ga ju Lindsay lọ dáadáa. Bàbá rẹ̀ ti fún un ní abo màlúù méjì pé kó fi bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀. Lindsay ta méjèèjì, ó ra síkì.

Ó gbé e lọ sí ahéré Àǹtí Ngahuia, kí wọ́n lè rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí! Mo ti kúrò lára àwọn oníháyà yín."

Àǹtí wo pákó náà, ó wo Lindsay. "Ó rẹwà o. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń gòkè lọ́dún?"

"Bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré! Ò bá ra bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ, kó o sì máa yá pákó lọ́dọ̀ mi ná. Bó o bá ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni màá máa pààrọ̀ ẹ̀ fún ẹ. Èyí tó o rà yìí ò ní gbọ́ tìẹ."

"Àǹtí, ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí ò bá fúnni lápá, á ṣò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu."

Beverley Strand, ọmọbìnrin tí Lindsay ń fẹ́, ń so okùn bàtà háyà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá onípupa, ṣé àwa alágbàbọ̀ ṣì lè bá yín gòkè?"

"Ẹ lè bá mi gòkè, àmọ́ ẹ má sún mọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ kan náà ni wá."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Beverley.

"Ó dáa," ni Àǹtí Ngahuia wí. "Gbé e wá kí n bá ẹ dẹ irin ìdè yẹn. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹ fi sílẹ̀, Àǹtí. Mo ti fún un pinpin. Bó bá já lójú gbogbo èèyàn ńkọ́?"

"Kó já, kí ẹsẹ̀ ṣẹ́kù."

A-wí-fún-ni kó tó dáni, àgbà ìjàkadì ni. Àmọ́ Lindsay ti jáde.

Lọ́jọ́ ìdíje, òtútù òru ti sọ yìnyín di òkúta. Àwọn èèyàn rí síkì pupa náà, wọ́n hó yèè, orí Lindsay sì wú. Ó yà kọjá lára ọ̀pá kìíní nínú àwọn tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ìdíje, ó yà kọjá lára ìkejì. Níbi ìkẹta, ó fẹ́ yí pákó náà, pákó náà kọ̀. Ẹnu pákó náà kọ́ yìnyín, Lindsay sì fò ṣánlẹ̀. Ara rẹ̀ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n irin ìdè kò já. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ bí egungun ṣe kán.

Beverley ló kọ́kọ́ sáré lọ bá a. Bó ṣe ń kánjú, òun náà ṣubú lulẹ̀ gbì. Síkì háyà méjèèjì já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbọn yìnyín dànù, ó sì ń sáré lọ.

Kò sẹ́ni tó lè tú síkì pupa náà. Àǹtí Ngahuia gòkè pẹ̀lú súkúdíráfà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín.

"Ọmọ mi, ṣé kí n tú u?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi," ni Lindsay wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi tú u."

Oṣù mẹ́rin ló lò nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú ju èkejì lọ, kò sì lè gbé e gun òkè mọ́ láé. Beverley ń wá kí i, àmọ́ ìtìjú sọ Lindsay di ọlọ́rọ̀ kíkorò, ọmọbìnrin náà sì dẹ́kun wíwá. Kò ní màlúù tó lè fi bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀ mọ́, nítorí náà, oko bàbá rẹ̀ ló ti ń fà kárọ́ọ̀tì títí ó fi darúgbó. Àǹtí Ngahuia ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti wó ahéré náà. Ní gbogbo Sátidé ìgbà òtútù, Lindsay á jókòó sójú fèrèsé, á máa wo ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gòkè lọ. Bí wọ́n bá bi í ohun tó dùn ún jù, kì í dárúkọ ẹsẹ̀. Á ní, "Mo mà pàdánù orin tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn o."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa ló tọ́ sí wa, bẹ́ẹ̀ ni yíyá nǹkan lò kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí kò tíì mọ ohun kan dunjú, kó kọ́kọ́ yá a lò, kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kó tó rà á. Ẹ má ṣe ta ohun tí ẹ ó fi jẹun lọ́la nítorí ìyìn ọjọ́ kan. Bí àgbà bá sì fẹ́ bá yín dẹ ohun tó fún yín jù, ẹ jẹ́ kó dẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò tíì dun yín.