Àmì Ìkìlọ̀ Tí Ọ̀gá Kọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Obìnrin kan dá àká ìtàn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ìtàn tó bá kọ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan ń pè é ní Ọ̀gá Fura lẹ́yìn, nítorí bí èèyàn méjì bá jọ rẹ́rìn-ín, á ní òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìtàn tó bá lè dun èèyàn, wọ́n máa ń lẹ àmì mọ́ orí rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ Tó Le." Ogun ni o, ìjà lọ́kọláya ni o, ikú ni o, àmì kan náà ni.

2.
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ka ìtàn tuntun kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ya ìtàn ikú ìkókó sọ́tọ̀, kó ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó lè ka ìtàn ogun láìmira lè má lè ka ìyẹn. Òǹkàwé kan ti kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀."

"Màmá, bá a bá fún gbogbo ẹkún ní àmì tirẹ̀, àmì á pọ̀ ju ìtàn lọ."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, àbí? Ká ní ibẹ̀ ló mọ, wọn ì bá jọ jókòó rò ó. Ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀gá ti ń sọ nǹkan mìíràn: "Kí ni màmá yìí ń wá gan-an? Ṣé ipò mi ló ń wò?"

3.
Ọ̀gá ṣí lẹ́tà òǹkàwé náà. Kò lórúkọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn àká yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mọ ìtàn tí ìkókó ti kú nínú rẹ̀ kí n tó ṣí i." Èyí tó kẹ́yìn wọlé lọ́sàn-án, ní wákàtí tí nọ́ọ̀sì jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́: "Ọwọ́ bà á! Òun ló ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀!"

Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fèsì: "A ti mọ̀ ẹ́. Ìwọ tí ò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, jáwọ́ nínú ẹ̀tàn." Ó dí ọ̀nà ìkọ̀wé mọ́ ẹni náà, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì máa lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì ní: "Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń kọ ọ́." Ó mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

4.
Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ àbúrò ọ̀gá pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè máa bọ̀. Àtàárọ̀ ni ìyàwó mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀, kò dá mi lóhùn."

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò yìí bí ọmọ kan tí kò sunkún. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀gá ní kó nu omijé nù, Ọlọ́run á ṣe òmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò mẹ́nu bà á lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọ̀gá débẹ̀, ìtàn kan ṣì wà lójú fóònù àbúrò rẹ̀, "Ọ̀rọ̀ Tó Le" lókè. Àbúrò ti rò pé ìjà ni. Ìyá tó gbé òkú ìkókó lọ́wọ́ ló bá níbẹ̀. Ọkọ na fóònù náà sí ọ̀gá: "Ẹ wo ohun tí wọ́n tún kọ sí i látibi iṣẹ́ yín. Ta ló lè kọ irú èyí?"

Ọ̀gá rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀:

"Ìwọ ni? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Àbúrò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bi mí?"

5.
Ọ̀gá lọ bẹ nọ́ọ̀sì. Màmá gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù náà ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú tó ń ṣọ́ ọ? Ọ̀gá nìkan ló ka gbogbo àká náà, tó lẹ "Ikú Ìkókó" mọ́ ìtàn mọ́kànlélógójì. Bó bá ya ilé àbúrò rẹ̀, ọkọ ló máa ń ṣílẹ̀kùn, á ní ìyàwó òun ń sùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o! Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìrora ló nílò àmì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn la ó bi, kì í ṣe ìfura inú wa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.